Ta ni kí alásè gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá dá èébì sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alásè ni mí ní Aṣèrò, l'Abẹ́òkúta níbí. Mo sè fún àwọn kan tó ṣe ìkómọ ní Sátidé tó kọjá: jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín àti mọ́ínmọ́ín. Aago mẹ́ta òru ni mo sè é, mo kó o sí kúlà nígbà tó di ìdájí, mo sì tún ìrẹsì náà gbé kaná ní aago kan ọ̀sán. Aago méjì ni wọ́n jẹun. Kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n ti pè mí pé ọmọdé mẹ́ta àti àgbàlagbà kan ń bì. Ibà kò mú wọn, ara wọn sì ti yá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti gba orí WhatsApp kan. Ẹnìkan ní ìrẹsì oníke ni mo sè. Ẹlòmíràn ní èròjà amọ́bẹ̀dùn tí mo fi sí i ló pọ̀ jù. Dókítà kan tí n kò mọ̀ rí sọ nínú ohùn tó ká sílẹ̀ pé bí oúnjẹ bá ti tún hó lórí iná, kò sí ewu kankan nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi sì tún un gbé kaná. Ọmọ àbúrò mi ní ìkànnì àwọn òyìnbó ni kí n máa kà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Níbo lèèyàn ti ń rí òótọ́ nípa oúnjẹ tó ń ṣeni léṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnira yìí o. A dúpẹ́ pé ara àwọn tó jẹun ti yá. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín: ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àti ibi tí òótọ́ wà. Mi ò lè dáhùn èkejì láìfọwọ́ kan èkíní, torí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá, ìròyìn tó bá kọ́kọ́ kàn án ni yóò gbé lọ sílé.

Ìròyìn tó ṣeé gbára lé nípa oúnjẹ a máa sọ̀rọ̀ nípa wákàtí. Á dárúkọ oúnjẹ náà, á dárúkọ kòkòrò tàbí oró tó wà nínú rẹ̀, á sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí àìsàn tó yọjú, á sì sọ ohun tí a lè ṣe sí i. Èyí tó kàn ń pariwo pé wọ́n fẹ́ fi oúnjẹ pa wá tán kì í ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wákàtí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá.

Nígbà tí inú bá dà wá láàmú, oúnjẹ tí a jẹ kẹ́yìn ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì jẹ̀bi. Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 6 lẹ́yìn oúnjẹ, tí ibà kò sì sí níbẹ̀, oró tí kòkòrò ti tú sínú oúnjẹ náà kí ó tó dé ẹnu ló sábà máa ń fà á. Staphylococcus aureus àti Bacillus cereus ni orúkọ àwọn méjì tó wọ́pọ̀ jù nídìí irú èyí. Bó bá jẹ́ inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, tí èébì kò tó nǹkan, tó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24, ẹ fura sí ẹran tàbí ọbẹ̀ tí wọ́n sè ní ìkòkò ńlá tí wọ́n wá fi sílẹ̀ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀. Clostridium perfringens ni kòkòrò tirẹ̀. Salmonella lè gba wákàtí 6 títí dé ọjọ́ 6, ibà a sì máa bá a rìn. Àrùn onígbáméjì lè yọjú láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5. Táífọ́ọ̀dù sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó hàn lára. Àrùn ẹ̀dọ̀ irú A lè tó ọjọ́ 15 sí 50. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá jẹ ìrẹsì yín lánàá, tó sì ní táífọ́ọ̀dù tó ń ṣe òun lónìí, kì í ṣe ìrẹsì yín ló fà á, ọjọ́ kò gbè é.

Ẹ wá fi èyí wo Sátidé yín. Aago méjì ni wọ́n jẹun, wọ́n ń bì kó tó di aago márùn-ún, kò sí ibà, ó sì ti lọ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ ló jọ ti oró tó ti wà nínú oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ọwọ́ sọ̀yà, oúnjẹ náà kò sì sí mọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ibi kan tí n óò kọ́kọ́ wò, ìrẹsì tó sùn sínú kúlà ni n óò mú.

Bacillus cereus wà nínú ilẹ̀ oko, ó sì ń bá ìrẹsì bọ̀ láti oko. Nígbà tí omi bá hó, kòkòrò náà á kú, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tó ti sé ara mọ́ inú èèpo líle kì í kú. Bí ìrẹsì náà bá ti ń tutù, àwọn irú yìí á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, wọ́n á sì máa tú oró sínú oúnjẹ. Ìgbóná láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò ti ń rí ayé jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe pẹ́ ju wákàtí 2 lọ nínú yàrá lásán kí a tó jẹ ẹ́ tàbí kí a gbé e sínú òtútù. Ti yín lo nǹkan bíi wákàtí 8 nínú kúlà. Kúlà kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe fìríìjì. Bí oúnjẹ bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ooru tó ń rú, tí ooru náà kò sì wálẹ̀ ju 60 lọ títí dìgbà tí wọ́n á fi bù ú, ó dáa. Bó bá ti di lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ti fún kòkòrò ní ilé tó tù ú lára.

Ohun kejì tí n óò béèrè ni ọwọ́. Staphylococcus ń gbé inú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ rántí gbogbo àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà: ta ló gé ẹran lẹ́yìn tí wọ́n ti dín in tán? Ǹjẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní egbò, eéwo tàbí ìka tó ń ṣọyún? Ẹ má bi wọ́n bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò jẹ̀bi, torí wọn ò ní sọ òótọ́ fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ dókítà inú ohùn yẹn. Apá kan òótọ́ ló sọ, irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kó bá àwọn tó ń ṣọ́ra. Lóòótọ́ ni iná ń pa kòkòrò: bí gbogbo inú oúnjẹ bá gbóná tó ìwọ̀n 70, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú. Ṣùgbọ́n oró tí wọ́n ti tú sílẹ̀ kí iná tó dé kì í ṣe ohun alààyè, kò ní ẹ̀mí tí iná lè gbà. Oró tí Bacillus cereus fi ń mú èèyàn bì, omi híhó kò lè bà á jẹ́. Ti Staphylococcus náà kò rọrùn fún iná. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé ìrẹsì náà kaná, tí wọ́n sì tún bì.

Ohun kan náà ló wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti hu. Olú tó ń hù lára wọn ń tú oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Yíyan ẹ̀pà kò lè mú un kúrò tán, síse àgbàdo kò lè mú un kúrò. Ní Kenya lọ́dún 2004, àgbàdo tó ní oró yìí mú èèyàn 317, ó sì pa 125 nínú wọn. Wọ́n ti sè é kí wọ́n tó jẹ ẹ́ o. Ẹ̀pà tó ti yí àwọ̀, tó ti hunjọ, tàbí tó ń korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má rò ó mọ́ owó.

Ní ti ìrẹsì oníke, ọ̀rọ̀ yìí ti débi tí a fi lè dárúkọ ọjọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn aṣọ́bodè gba ìrẹsì tó tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ l'Ékòó, wọ́n sì kéde pé oníke ni. Gbogbo ayé gbé e. Nígbà tí NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, ìrẹsì gan-an ni, kì í ṣe ike. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju iye tí òfin gbà láàyè lọ. Ẹ̀rù ike ni gbogbo wa ń bà, kòkòrò ni ewu tó wà níbẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ìròyìn náà ṣì ń lọ láti fóònù sí fóònù títí dòní, ìdajì kejì kò tilẹ̀ jáde nílé. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ìdajì kejì ni ìbá ti gba àwọn èèyàn là.

Èròjà amọ́bẹ̀dùn kọ́ ló mú ọmọ mẹ́ta àti àgbàlagbà kan bì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku ibi tí òótọ́ wà. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó mọ gbogbo rẹ̀ tán. Iṣẹ́ ni wọ́n pín. Oúnjẹ tó wà nínú ọ̀rá, agolo, ìgò tàbí páálí, tó fi mọ́ omi inú ọ̀rá, NAFDAC ló ni ín. Oúnjẹ tí a sè tà, ilé oúnjẹ, ọjà àti odò ẹran, àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń mójú tó o: ti Gúúsù Abẹ́òkúta wà ní Aké, ti Àríwá wà ní Akọmọ́jẹ. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ alásè ń sá fún, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ìmọ̀ iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè lọ bá wọn kí wàhálà tó dé, kí ẹ sì béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí àìsàn bá ń tàn ká ládùúgbò, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn, ló ń ka iye rẹ̀. Nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232, wọ́n sì ń gbé ìròyìn onígbáméjì jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún òye bí oúnjẹ wa ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí láfún àti ìrẹsì ọ̀fàdà kò jìnnà sí yín.

Ẹ wo láfún fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ránṣẹ́ sí yín rí pé májèlé ni. Ẹ̀gẹ́ ní oró sáyánáìdì nínú láti ilẹ̀ wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rírẹ tí àwọn ìyá wa ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó lè kan, kí wọ́n tó fún un kí wọ́n sì sá a sóòrùn, iṣẹ́ ìyọró ni. Ẹni tó dín ọjọ́ rírẹ kù kó lè tètè tà ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìròyìn tó bá sọ pé láfún ní oró, tí kò sì sọ̀rọ̀ rírẹ rẹ̀, ti fi ohun tó wúlò jù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn èèyàn máa ń rí i lára ọ̀rá, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pátápátá. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Ẹ lè wo orúkọ ọjà náà nínú àkójọ tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Greenbook ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kò bá bá ti ara ọ̀rá mu, ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè sọ bóyá oòrùn ti ń pa páálí yẹn ní Kútọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú yín ni yóò wo agolo tó wú, ọ̀rá tó ya àti ọjọ́ tó ti kọjá.

Ọmọ àbúrò yín kò parọ́ nípa ìkànnì àwọn òyìnbó. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni n óò fi ṣáájú, torí gbogbo ayé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé oúnjẹ ń mú àìsàn bá nǹkan bí 600 mílíọ̀nù èèyàn lọ́dún, ó sì ń pa 420,000. 125,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n sọ ọ́ síta pé ọdún 2010 ni ìṣirò náà dá lé, pé 2015 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá sọ iye fún yín láìsọ ọdún tó kà á, ẹ bi í léèrè.

Ti ìjọba Amẹ́ríkà náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí iná kì í lọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà fún. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e sínú fìríìjì kíákíá, bí ẹni pé fìríìjì yín ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ibi tó wúlò jù fún wa níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ nípa ìgbà tí iná bá lọ: fìríìjì tí a kò ṣí lè tọ́jú òtútù fún wákàtí 4; fírísà tó kún dẹ́nu lè tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì lè tó 24, bí ẹ kò bá ti ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fìríìjì. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ kọ aago tó lọ síbẹ̀. Ẹran tó bá ti yọ́, tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ju wákàtí 2 lọ, òórùn rẹ̀ kò lè sọ òótọ́ fún yín, torí púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń ṣeni léṣe kì í mú oúnjẹ rùn.

Àwọn ìròyìn kan wà tí ẹ lè sọ nù láìkà á tán: èyí tó bá ní kí ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, èyí tí kò ní ọjọ́, èyí tó fi orúkọ dókítà sí i láìsọ ilé ìwòsàn tó wà, àti èyí tó bá fi agbo tàbí oògùn ìwẹ̀nù parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló pọ̀ jù. Ẹ̀rù ni wọ́n fi ń ta ọjà.

Ó tún ku epo pupa tí àwọn kan ń fún ẹni tí oúnjẹ bá ṣe léṣe. Bí ọmọ bá ń bì, ẹ má ṣe da epo sí i lẹ́nu. Kò lè fa oró oúnjẹ jáde, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Omi ni ọmọ náà ń pàdánù, omi ni kí ẹ dá padà. Ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí ẹ gé orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru tún nílò síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí kò bá lè gba omi dúró, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, bí ìgbẹ́ bá rí bí omi ìrẹsì, ẹ má kàwé kankan mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ìjàyè tàbí Ìdí-Abà lójú ẹsẹ̀. Flagyl tí gbogbo wa ń gbé mì kò kan oró, kò sì kan fáírọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú oníbàárà yín pé táífọ́ọ̀dù ni, kí ó bi wọ́n irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Widal tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kékeré kò tó láti fi dá ẹjọ́: ó lè ní ó wà nígbà tí kò sí. Èyí tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ láti wo kòkòrò tó máa hù nínú rẹ̀ ló ṣeé gbára lé jù.

Fún ìsè yín tó ń bọ̀, ẹ má ṣe sè é lóru mọ́ bí wọ́n á bá jẹun lọ́sàn-án. Ẹ gé ata, ẹ se ẹran, ẹ tọ́jú gbogbo èyí tó bá ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n ìrẹsì kó bọ́ sórí iná ní wákàtí tí kò jìnnà sí ìgbà tí wọ́n máa bù ú, kó sì dúró lórí ẹyín iná. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná oúnjẹ, kì í wọ́n púpọ̀. Ẹ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú ike mímọ́, kí ẹ fi sínú fìríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ilé àyẹ̀wò lè rí ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ bá tún dé. Kí ẹ sì kọ gbogbo aago sílẹ̀: ìgbà tó bọ́ sórí iná, ìgbà tó kúrò, ìgbà tí wọ́n bù ú.

Àwọn òbí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ bá wọn nílé, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ sọ wákàtí 8 inú kúlà náà fún wọn bó ṣe rí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé aago yín lọ sí Aké, kí àwọn wolé-wolé bá yín wo ibi ìdáná kí ẹ tó gba iṣẹ́ mìíràn.